Ọ̀wẹ̀ Tí A Ṣe Lóko Màmá

Wọ́n gba oko lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan láàárín òtútù láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èmi ni mo sì kọ ìwé tí wọ́n fi gbà á.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Riverdale Park ní Amẹ́ríkà, sí ilé alájà kan tí kò jìnnà sí títì Route 1. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ni àwọn èèyàn wa mọ̀ mí mọ́. Bí onílé bá kọ̀ tí kò tún híítà ṣe, èmi ni wọ́n ń wá. Bí ilé ìwé bá fìyà jẹ ọmọ ẹnìkan láìtọ́, èmi náà ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn á ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi gírámà gbá wọn létí." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Mo kàwé ní yunifásítì méjì, mo mọ òfin kà, mo mọ bí a ṣe ń to ẹ̀sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹni tí a fi kàn kò fi ní rí ibi sá sí. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ dé eegun.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn pápá ìṣeré tó kọjú sí ilé wa, ibi tí wọ́n pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí àwọn ará àdúgbò lè máa gbin nǹkan. Ẹgbẹ́ kan ló ń bójú tó o. Ó ní alága, ó ní ìwé òfin. Mo gba ilẹ̀ kan níbẹ̀, kí n má purọ́, òfin wọn dùn mọ́ mi ju ẹ̀fọ́ lọ. Bí òtútù bá ti fẹ́ wọlé, màá hú gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ mi, màá fi réèkì ha á títí yóò fi mọ́ bí ilẹ̀ pálọ̀, màá wá dúró tì í bí ẹni tó kọ́lé. Ilẹ̀ mi mọ́ lóòótọ́. Kò sí ohun kan tó ń hù níbẹ̀.

Ilẹ̀ Màmá ló tẹ̀ lé tèmi. Màmá ni ìyá nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Láti Ọ̀yọ́ ni ọmọ náà ti mú wọn wá, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ sí ilé ìwòsàn, ìgbà tí ìrun Ìṣáì bá ti kọjá ló ń wọlé. Màmá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọn ò wa mọ́tò, nínú gbogbo Amẹ́ríkà tó fẹ̀ lọ salalu yìí, ọgbà yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé láìjẹ́ pé ẹnìkan mú wọn lọ. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Nínú ilé, àlejò ọmọ mi ni mí. Ibí yìí ni mo ti ń jẹ́ èèyàn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo sì ń bá réèkì mi lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáko nígbà òtútù kò bá ojú mi mu rárá. Ewé gbígbẹ tí àwọn èèyàn ń kó sínú àpò sẹ́bàá títì, Màmá á wọ́ àpò náà wá, wọn á dà á sórí ebè. Wọ́n tẹ wáyà kọrọdọ, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó bò ó. Wọ́n gé ìdí ike mílíìkì, wọ́n dé e lórí àwọn nǹkan kéékèèké. Lójú mi, àkìtàn ni. Mo gbà pé kò sí ewé tó lè yè lábẹ́ yìnyín. Síbẹ̀, ní gbogbo Jímọ̀, Màmá á gun òkè wá, wọn á gbé ike áísíkrímù kan lé mi lọ́wọ́, ọbẹ̀ yánrin tí a fi ẹ̀gúsí sè, ẹja gbígbẹ nínú rẹ̀ bámú. Ewé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń da oògùn apako sí ní iwájú ilé wọn nígbà ìrúwé ni Màmá ń pè ní yánrin. "Ó jọ yánrin, ó korò bíi yánrin. Kí ló kù tí kò fi ní í jẹ́ yánrin?" Mo rò pé èyí tí wọ́n já nígbà ooru ni wọ́n kó sí fíríísà. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé bíi tèmi, kí ló fẹ́ béèrè?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ọkùnrin tó ni ilẹ̀ tó wà ní apá kejì Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ Màmá sórí ilẹ̀ òun. Alága pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní bí àwọn bá kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ilẹ̀ Màmá, àwọn èèyàn lè ní àwọn kórìíra àlejò, ṣùgbọ́n èmi, èèyàn Màmá ni mí, mo sì mọ ìwé kọ. Ó wá fi kún un pé èmi ò dà bí àwọn èèyàn mi yòókù. Kí ẹni tó ń kà á jọ̀ọ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó ní èmi ò dà bí wọn, orí mi sì wú. Mo lọ sílé, mo kọ ojú ewé kan gbáko: ilẹ̀ tí a pa tì, èpò tí a jẹ́ kó hù, aṣọ àti ike tí a dà sílẹ̀, àìbọ̀wọ̀ fún aládùúgbò. Mo buwọ́ lù ú. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ilẹ̀kùn mi àti ti Màmá. Mo kà á lẹ́yìn náà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ náà, tí mo mọ̀ sórí, ní kí wọ́n fún onílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún un ní èdè tó gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu géètì. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n kà, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ tí yìnyín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo dákẹ́.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni a lọ. A pé mẹ́fà, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bárò. Alága fa aṣọ àkọ́kọ́ kúrò, gbogbo wa sì dúró. Kólaàdì, ẹ̀fọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ti fẹ ewé tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Àlùbọ́sà eléwé dúró ṣánṣán. Yánrin tẹ́ láàárín ewé gbígbẹ bí ẹní, tútù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé òtútù ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lórí ilẹ̀ tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi dídì nìkan ló ń dán. Alága wojú mi, ó bi mí bóyá oúnjẹ ni tàbí èpò. Ọ̀rọ̀ kan ni ì bá dá wa dúró. Ìbuwọ́lùwé mi wà nínú ìwé tí alága dì mọ́ àyà. Mo ní, "Púpọ̀ nínú rẹ̀, èpò ni." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú.

A ti hú ebè kan tán kí Màmá tó yọ. Kóòtù ọmọ wọn ni wọ́n wọ̀, ó bò wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n fa ọ̀rá dání.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Háà, ọkọ mi, ìwọ lo kó wọn wá?"

Mo tẹjú mọ́ ṣọ́bìrì ọwọ́ mi.

"Àná òde yìí ni mo ń sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò mọ bí mo ṣe máa tú ilẹ̀ yìí. Ó ní kí n fara balẹ̀. Àṣé Ọlọ́hun ti rán ọ̀wẹ̀ sí mi! Ẹ ṣé o, ẹ ṣé. Á jẹ́ láádá fún yín."

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pè é. Nílé wa, bí agbára àgbà bá ti ń rẹ̀yìn, àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí á gbé ọkọ́ wọn lọ sóko rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Màmá wo ọwọ́ mẹ́fà tó ń hú nǹkan lóko wọn, wọn ò rí ìtumọ̀ mìíràn. Wọ́n di alága lọ́wọ́ mú, ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n wo inú bárò, ojú wọn ṣú díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló tún wá gbà wá sílẹ̀: "Wọ́n hú u ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò. Kò burú. Wọn ò mọ̀ ọ́n já ni. Ilẹ̀ náà kúkú ń fẹ́ ìsinmi."

Alága bi mí ohun tí Màmá ń sọ. Mo ní wọ́n ń kí wa ni. Màmá náà bi mí, "Kí ló wí?" Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun, mà." Irọ́ méjì, èdè méjì, èémí kan.

Màmá ṣa ewé láti inú bárò kún ọ̀rá, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ilẹ̀ wọn ti mọ́ bíi tèmi. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n fi táwẹ̀lì wé sínú kẹ̀kẹ́ ìnájà, pẹ̀lú ìrẹsì. "Ta ní ń fi ebi ṣe ọ̀wẹ̀?" Wọ́n bù ú fún wa lórí ìdúró, ooru ń rú lójú wa. Ọkùnrin tó ráhùn nípa aṣọ bẹ́ẹ̀dì na abọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fọnmú. Màmá rẹ́rìn-ín títí: "Ẹ wo èyí! Ata ti mú un, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ò jẹun? Àbí ìwọ ò bá wọn ṣiṣẹ́ ni?"

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì náà gun òkè wá nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọgbà ti fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó dé ibi orúkọ yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Irú gírámà yẹn náà lẹ fi bá mi kọ tèmi nígbà tí wọ́n fìyà jẹ mí níbi iṣẹ́." Ó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. "Màmá ní kí n má bá yín jà. Wọ́n ní kí n kàn bi yín, ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tí ẹ ń jẹun?" Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó sọ̀ kalẹ̀.

Màmá ò jáde mọ́. Ojú fèrèsé wọn tó kọjú sí pápá ni mo ti ń rí wọn, nínú ilé, àlejò ọmọ wọn. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti padà sí Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ wọn, ọkùnrin tó ráhùn ni ẹgbẹ́ fún. Kò gbin nǹkan kan sí i, àga méjì ló gbé síbẹ̀, òfin tí mo mọ̀ sórí kò sì gba àga. Mo ní kí wọ́n gba tèmi, kí wọ́n kọ orúkọ Màmá sí i. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ti kọ ìwé mẹ́ta sí wọn láti ìgbà náà, kò sí èsì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní í fọ́ láé.

Nítorí náà, níwájú gbogbo ẹni tó bá ka èyí, mo ń bi alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀: níbo ni ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù wà? Ta ló pinnu pé gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kìlọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì? Nígbà tí aṣọ ṣí, tí ojú gbogbo yín rí oúnjẹ, kí ló dé tí ẹnu èmi nìkan ni ẹ wò? Kí ló sì dé tí ẹ fi wá èèyàn Màmá bí ọ̀bẹ láti fi gé Màmá? Mo fẹ́ èsì, ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní òun ò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú èsì bẹ́ẹ̀. Tèmi nìyí: mo ti mọ̀, Màmá, nígbà tí mò ń jẹun.