Wọ́n Ta Ilẹ̀, Àwa Ṣì Wà Lórí Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ́ kíláàsì mi bí Rọ́ṣíà ṣe ta Àlásíkà fún Amẹ́ríkà, ọjọ́ náà ni wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé tí mò ń gbé ní Ìgàndò. Ará Èkìtì ni mí, olùkọ́ ìtàn. Mo háyà yàrá lọ́dọ̀ màmá onílé kan tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

Màmá sáré jáde. "Kí lẹ̀ ń kọ sára ilé mi?"

Ọkùnrin tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání ò tilẹ̀ wojú wọn. "Ìyá, ẹbí onílẹ̀ ti ta ibí fún ẹlòmíì. Wọ́n máa wó o."

"Ẹbí wo? Ọwọ́ wọn náà kọ́ lọkọ mi ti rà á?"

"Ẹ lọ bi wọ́n jàre."

Iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo bá lọ. Mo ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé orílẹ̀-èdè kan lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ òmíràn: wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, àsíá kan á wálẹ̀, òmíràn á gòkè.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Mà, àwọn tó ń gbébẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n bi wọ́n?"

Mo ní wọn ò bi wọ́n. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń bá ìjọba tuntun fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọdẹ àti odò ẹja wọn.

Nígbà tí mo délé, katakata ti wọ ẹ̀yìnkùlé. Màmá ti gbé àga sẹ́bàá sàréè, wọ́n jókòó.

"Ẹ wà mí mọ́ ọn!" Wọ́n ń pariwo.

Gbogbo àwa ayálégbé lọ dúró yí wọn ká. Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. A ránṣẹ́ pe olórí ẹbí, ó dé, ariwo sọ. Ibi tó parí sí ni pé kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún màmá, kí ẹni tó rà á mú ẹ̀yìnkùlé. Sàréè bọ́ sọ́dọ̀ tiẹ̀. Kò wú òkú náà, ṣùgbọ́n ó mọ odi yí ẹ̀yìnkùlé ká.

Láti ìgbà náà, bí màmá bá fẹ́ lọ ṣàdúà fún ọkọ wọn ní Jímọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kan géètì onílẹ̀ tuntun. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́gáàdì yọjú.

"Ta lẹ wá kí?"

Èmi ni mo sọ fún un pé ọkọ màmá ni.