Ẹ̀rọ Tí Ìyá Délé Fi Ewé Dì

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo forí lé gáréèjì. Ọ̀yẹ́ mú débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìsẹ́yìn, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé irú ẹ̀kọ́ wo ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn tí kò tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn àjò yìí fún yín, bóyá ẹ ó jẹ́ kí n sinmi.

Iṣẹ́ mi ni pé kí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Sẹ́ńsọ̀ là ń pè wọ́n. Ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, ó sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo gbé mẹ́ta lọ sí Ìlárá Rẹ́mọ, sínú yàrá tí Ìyá Délé, ìyá àgbà kan tó ń ṣòwò obì, ń kó obì gbànja rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ̀rọ mìíràn tó ní síìmù wà lójú fèrèsé, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ wọn, tó ń fi í ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn. Sẹ́ńsọ̀ méjì wà lára ògiri. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́, wà nínú apẹ̀rẹ̀ obì gan-an. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀kẹta yìí dákẹ́, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ fún oṣù méjì gbáko.

Mo pe Ìyá Délé. Ó ní, "Ó wà ńbẹ̀, ara rẹ̀ le, mò ń tọ́jú ẹ̀." Mi ò gbà á gbọ́. Ọ̀gá mi ní yunifásítì wá là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Bí mi ò bá rí àkọsílẹ̀ inú apẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, o ò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùdánwò. Wàá tún ọdún kan ṣe ni." Ọdún kan! Èmi tí ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti parí!

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo san dé Ògèrè. Ọ̀nà dán, mo sì sùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó débẹ̀. Ní Ògèrè, tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì. Mo wọ mọ́tò kékeré kan ní ẹgbẹ̀rin náírà, ó gbé mi gba Ìpẹ̀rú dé Ìkẹ́nnẹ́. Ní ìlú tiwa, mọ́sálásí ni à bá máa kà lójú ọ̀nà. Níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kà títí ó fi sú mi.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ mo bá ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun dúnàádúrà, ó gbà láti gbé mi dé Ìlárá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà. Ojú rẹ̀ lọ sórí báàgì mi.

"Àǹtí, kí lèyí tó yọ ìwo yìí?"

"Ẹ̀ríà ni. Òun ni mo fi ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ mi bá sọ."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ wá gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa nìyẹn! Abẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo ni mo ti ń rí ìyàwó mi bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá yí orí báyìí, ó parí!"

Mo ní ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ mi.

"Kí lẹ wá ń kọ́ látọjọ́ yìí?"

Ẹ ò rí i? Òun náà! Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Délé.

Ìyá àgbà náà wà láàárín àwọn obìnrin tó ń bó obì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ohùn Rẹ́mọ ló fi dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́, kí n má baà ba ẹnu ẹlẹ́nu jẹ́.

"Ìyá, ẹ̀rọ inú apẹ̀rẹ̀ dà?"

"Jókòó, jẹun ná. Kò sá lọ."

Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n gbé fún mi: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pẹ̀lú epo, ata àti ẹja gbígbẹ. Ní Ìsẹ́yìn a ó ní àsáró tó rọ̀ jù ni, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò láti sọ bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ. Ọkàn mi ò balẹ̀, síbẹ̀ mo jẹ abọ́ méjì.

Ìyá wá ki ọwọ́ bọ àárín apẹ̀rẹ̀, ó fa ìdì ewé tútù kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo tú u. Ewé kan, ewé méjì, ewé mẹ́ta. Sẹ́ńsọ̀ mi ló wà nínú!

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ dì í?"

"Ṣebí ìwọ lo fi í sáàárín obì mi? Ohun tó bá ń bá obì gbé, ewé là ń fi dì í kó má baà gbẹ. Mo rí i tó ń ṣẹ́jú, mo ní òtútù ló ń mú un. Nígbàkígbà tí mo bá pààrọ̀ ewé obì, mo máa ń pààrọ̀ tiẹ̀."

Yéè! Omi inú ewé tútù ló ń gbé ohùn ẹ̀rọ mì. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá! Ẹ̀rù wá ń bà mí pé omi ti wọnú rẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, mo tan kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Mo ń ka "Bísímílà" lábẹ́lẹ̀. Lójijì, iná kékeré ara rẹ̀ ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà dún, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ẹ̀rọ náà kò kú! Gbogbo ohun tó rí ní oṣù méjì ló pa mọ́ sínú, tó ń dúró de ẹni tó máa gbọ́. Mo fò mọ́ Ìyá Délé, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́.

"Mo ṣáà sọ fún ẹ pé mò ń tọ́jú ẹ̀," ni ó wí. Ó di obì mẹ́wàá sínú ewé fún mi. "Tó bá sọ̀rọ̀ tán, pè mí, kí n gbọ́ ohun tó wí nípa mi."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi padà sí yàrá mi ní Ìbàdàn. Mo fi nọ́ńbà yẹn ya ìlà. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀rinrin ṣe ń dín kù. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ibi tí obì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó gòkè padà: Ìyá ti pààrọ̀ ewé nìyẹn. Lẹ́yìn òjò, bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gòkè. Nígbà tí ọ̀yẹ́ dé, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kò tàsé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí kàlẹ́ńdà ní yàrá obì Ìyá Délé. Ọwọ́ ló fi ń kan ewé láràárọ̀, ọwọ́ yẹn ló sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Èsì rẹ̀ kò pẹ́: "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Má pẹ́ dé o."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bu obì kan jẹ, ó ṣì tutù minimini. Ojú tì mí díẹ̀ pé mi ò gba màmá yẹn gbọ́ nígbà tó sọ fún mi. Mo pè é, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé.

"Ìyá, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀ tán o."

"Ẹn-ẹ́n? Kí ló wí?"

Mo tún wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́, mà."