Àbúrò Mi Tí Mo Rí ní Jerúsálẹ́mù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Àlùfáà wa tí mo sọ ọ́ fún ní oòrùn ló pa mí. Oòrùn kọ́. Abẹ́ òrùlé ni mo wà, ojú mi mọ́ kedere, mo sì ti jẹun àárọ̀. Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ ṣáà má sọ ọ́ ní àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nítorí ìyá mi ṣì wà láyé.

Bánkọ́lé, àbúrò mi kan ṣoṣo, ti kú kí n tó lọ sí Jerúsálẹ́mù. Èmi ni mo sìn ín. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ nínú pósí, ó tutù bí òkúta. Màmá wa kò sí níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú ọmọ rẹ̀. Bánkọ́lé kò bímọ kankan sílẹ̀, èyí ló sì ń dun màmá jù. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ká ní ó fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún òun, òun kò ní bi Ọlọ́run ní nǹkan kan mọ́.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ kíláàsì mi kan bá sọ pé òkú lè lọ máa gbé ìlú òkèèrè, pé á ṣòwò, á fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, á pòórá, mo máa ń rọra sọ fún un pé ìtàn lásán ni wọ́n ń pè ní àkúdàáyà. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Lẹ́yìn ìsìn, adarí àwa tí ìjọ wa kó lọ sí Jerúsálẹ́mù ní ká rìn káàkiri ìlú àtijọ́ náà, ká pàdé lẹ́nu ibodè kí oòrùn tó wọ̀. Èmi àti Ìyá Ṣadé la jọ rìn. Agboolé kan náà la ti dàgbà, ṣùgbọ́n Kàdúná ló ń gbé láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Kò tíì pẹ́ tó padà sí Èkó. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Kò gbọ́ pé Bánkọ́lé ti kú. Mo ṣì ń wá àyè tí n ó fi sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kì í fẹ́ jáde lẹ́nu mi.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán inú Bíbélì yín tàn yín. Ìlú náà kò fẹ̀ rárá. Ọ̀nà tóóró ni, bíi ti Ìta Fájì ní Èkó. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ti jẹ ẹ́ dán. Ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù lósì: àbẹ́là, àgbélébùú onígi, tùràrí. Agogo ń dún nísàlẹ̀, wọ́n ń pe ìrun lókè. Ìyá Ṣadé ní bí kì í bá ṣe ti òtútù, òun ìbá ti béèrè ìsọ̀ aláta, nítorí ọjà Sandgrouse gan-an la wà yìí.

Ó dúró ná ìborùn kan. Mo síwájú díẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láti ra àbẹ́là.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ń fi bébà di àbẹ́là. Ó lọ́ etí bébà náà, ó tún un lọ́, ó fi òwú so ó, ó sì fi eyín ẹ̀gbẹ́ já òwú náà.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti dá a mọ̀ kí ó tó yíjú. Bí àbúrò mi ṣe máa ń di edé nìyẹn ní ìsọ̀ màmá wa ní Sandgrouse. Màmá bá a wí títí lórí eyín yẹn.

Ó yíjú. Bánkọ́lé ni.

Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́ o. Mo ti wo ojú ọmọ púpọ̀ láyé mi. N kì í ṣi Táyé mú fún Kẹ́hìndé.

Ó yára fi ìka lé ètè, ó sì sún mọ́ mi títí mo fi gbọ́ òórùn àbẹ́là lára rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí.”

Ohùn rẹ̀ ni. Mo rọra bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀. Òun kàn ń rìn ni, ilẹ̀ sì mọ́ bá òun nílùú yìí. Ó béèrè bóyá màmá ṣì ń jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fojú tọ́ka sí aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ń kọrin jẹ́jẹ́ níbẹ̀.

“Ìyàwó mi ni. Oyún wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rójú ọmọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe orúkọ mi, ó parí nìyẹn.”

Mo mi orí pé mo gbọ́. Ọmọ-ọmọ màmá mi ló wà lẹ́yìn aṣọ yẹn. Kí ló lè mú mi la ẹnu?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Ṣadé lórí òkúta.

Mo yí padà láti bò ó lẹ́nu. Mo na ọwọ́, ọwọ́ náà dúró lófuurufú bí ọwọ́ tí ènìyàn sùn lé. Mo fẹ́ ní kó dákẹ́, ohùn kò jáde. Ó ti yọjú wò ó láti èjìká mi, ayọ̀ ẹni tó rí ará ilé ní ilẹ̀ àjèjì sì ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

“Àbí Bánkọ́lé kọ́ nìyí? Bánkọ́lé ọmọ Ìyá Elédé! O mà ti sanra o.”

Bánkọ́lé wò mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ó wò mí bí ọmọdé tí wọ́n ń já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣẹ́jú, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Ṣadé ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ó lọ gbé àga wá fún wa, pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni láti kékeré.

Obìnrin náà jáde, ó fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn káńtà, ó wo ojú ọ̀nà. Ó fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ bi mí pé, “Ọkọ mi dà?”

Ó tún bi mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí, orúkọ tí òun mọ̀ ọ́n sí, ó sì ń pè é lọ ní ọ̀nà tóóró náà títí ohùn rẹ̀ fi bọ́ sínú ariwo agogo.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ta tùràrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní òun kò mọ ibi tí obìnrin náà gbà.

Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún Ìyá Ṣadé ní ilé ìtura, ibà sì mú un kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ìgbà náà, kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́. Ṣadé tó bí pàápàá, “ìwọ” ló ń pè é.

Màmá ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó máa ń ní kí n tún sọ ohun tí mo rí ní Jerúsálẹ́mù. Mo máa ń sọ ti òkúta, ti agogo, ti àbẹ́là, ibẹ̀ ni mo sì máa ń dúró. Bí wọ́n bá bí ọmọ yẹn láyọ̀, á ti máa rìn báyìí. N kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. N kò mọ ibi tí ènìyàn ti ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, bí ẹ bá rí ojú tí ẹ mọ̀ níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ má kí i, ẹ má yọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọjá. Kí ẹ sì tó gbéra nílé, ẹ dárúkọ gbogbo òkú yín fún ẹni tí ẹ jọ ń lọ.