Irin Ọgọ́ta Wáàtì àti Etí Ìyá Ìyàwó Mi

Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná mànàmáná ní Àgbádárìgì. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń yà á sára pátákó. Iná tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà kì í jó ènìyàn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbà pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀rọ tí ìyá ìyàwó mi tó ń gbé ní Ajídò ń kì bọ etí láti fi gbọ́ràn dákẹ́. Sátidé ni ẹbí wọn máa pàdé ní ìlú Apá láti pín ilẹ̀ etí ọ̀sà tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìyá ní àbúrò ọkùnrin mẹ́ta tó fẹ́ràn wọn gan-an: bí etí Ìyá ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn àbúrò ń rọ̀ sí i.

"Ọkọ ọmọ mi," ni Ìyá wí, "tí n kò bá gbọ́ràn ní Sátidé, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni màá máa mi orí sí. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ mi, ìwọ lo máa fún mi ní yàrá o."

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Mo tú ẹ̀rọ náà. Wáyà kan bí irun orí ló já kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì! Mo gba ọjà lọ láti ra irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó ń lẹ wáyà pọ̀. Èyí tó kéré dà bíi bírò. Mo wò ó tàánútàánú. Èyí tó tóbi jẹ́ ọgọ́ta wáàtì, orí rẹ̀ fẹ̀ bí àtàǹpàkò. Ọmọ Èkìtì olókèlè iyán ńlá ni mí, ẹ má bi mí èwo ni mo rà.

Ní etíkun wa, iyọ̀ kì í fi irin lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tó bá ti dúdú, sáńpépà la fi ń ha á: àdá, ìdákọ̀ró, kọ́kọ́rọ́ ilé. Nígbà tí orí irin mi dúdú, mo ha á títí ó fi ń dán. Láti ìgbà náà ni lẹ́ẹ̀dì ti kọ̀ ọ́, ó ń yí dànù bí omi lórí ewé kókò. Mo bá tẹ irin mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, mo ka ẹní dé ẹ̀wá. Èéfín rú. Nígbà tí mo gbé irin kúrò, bàbà pẹlẹbẹ tó yẹ kí wáyà lẹ̀ mọ́ bá mi gòkè wá.

Ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ẹ̀rọ Ìyá àti ìtìjú mi dé Gbàjí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe létí títì, mo sọ ẹni tó ni ín fún un.

"Tíṣà, ṣé ẹja lẹ ń yan ni?"

"Orí irin ló dúdú, mo wá ha á."

"Hà! Awọ tó wà lára rẹ̀ ló ń gba lẹ́ẹ̀dì mọ́ra. Ẹ ti bó o síhòòhò. Kí lẹ tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yín?"

"Físíìsì."

"Ọlọ́run á ṣàánú wọn."

Irú èyí tó dà bíi bírò yẹn ni irin tirẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ó sì ní ibi tí a ti ń dín ooru rẹ̀ kù. Ó nù ún lára fóòmù tútù, ó fi lẹ́ẹ̀dì bíńtín pa á lórí, ó ha ìlà bàbà tó kù lórí pánẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ má mí."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Imú yín ń fẹ́ wáyà mi lọ."

Ó fi ṣóńṣó irin kan wáyà, ó gbé e kúrò. Kò tó kí ènìyàn sín. "Ó ti mú, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ jó yẹn kò lágbára. Kí Ìyá má fi gèlè fún un mọ́lẹ̀ o."

Nígbà tí a dé Apá ní Sátidé, àwọn àbúrò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Ìyá ń mi orí. Mo ń làágùn, ó dá mi lójú pé wáyà ti já. Ẹ̀gbọ́n pátá nínú àwọn mẹ́ta náà wá sọ kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí ti gba apá ibi tí omi ń wọ̀."

"Ta ló gbà á?" ni Ìyá wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wẹ̀, ẹ lọ kọ́lé sínú omi. Apá ojú títì ni tèmi. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́."

Apá ojú títì náà ni àwọn àbúrò kọ fún Ìyá.

Lọ́nà ilé ni Ìyá ti yọ ẹ̀rọ náà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyàwó mi lójú mi pé bó bá tún já, Gbàjí tààrà ni, kó má gba ọ̀dọ̀ tíṣà kankan kọjá.