Àmín Tí Gàníyù Ṣe Ní Bẹyẹrunká

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Ọjà'ba n'Ìbàdàn wọ Bẹyẹrunká láàárọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó gbójú sókè bí ẹni ń wá nǹkan lórí páànù, Gàníyù nìyẹn, Mógàjí agbo ilé Onírèké. Ẹ kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má kí i kú oríire o, nítorí ẹni tó bá ní inú rẹ̀ dùn sí oyè yẹn, irọ́ ló ń pa.

Àpápá ní Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní èbúté tí wọ́n ti ń já àlìkámà nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ má rò pé àpò ló ń rù. Baba rẹ̀ ló ru àpò, alábàárù ni ní Ọjà'ba títí ọrùn rẹ̀ fi kúrú. Ẹ̀rọ ni Gàníyù ń wà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ga bí ilé alájà púpọ̀, ó sì ní ọwọ́jà bíi ti erin. Gàníyù á rọra sọ ọwọ́jà yìí kalẹ̀ sínú ọkọ̀, irin lílọ́ tó wà nínú rẹ̀ á máa yí, á máa fa àlìkámà gòkè bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà. Yàrá onígíláàsì kékeré kan ló ń jókòó sí lókè ẹ̀rọ náà, òun nìkan pẹ̀lú atẹ́gùn òkun. Ẹlòmíì á ní ẹ̀wọ̀n ni. Lójú Gàníyù, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti lè pe òun pé kóun wá parí ìjà.

Nígbà tí Mógàjí àná, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, kú, agbo ilé pín sí méjì lórí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará òkè ilé ò kí àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ́. Gàníyù wá sílé fún fìdáù ogójì ọjọ́, ó ní òun ò ní pẹ́, torí ọkọ̀ kan ń bọ̀. Baba Zakariyya, tó dàgbà jù nínú ẹbí, bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo wọn tẹ́wọ́. Ọwọ́ kan ni Gàníyù tẹ́. Èkejì di fóònù mú, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ Olúgbénga, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀.

“Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí agbo ilé yìí tú.”

“Àmín.”

“Kò ní jẹ́ kí àga baba wa ṣófo.”

“Àmín.”

“Gàníyù, á jẹ́ kó o pẹ́ lórí ẹ̀.”

“Àmín!”

Òun nìkan ló ṣe é, ó sì ṣe é ketekete. Kó tó gbójú kúrò lára fóònù, àwọn ará òkè ti ń mi orí sí àwọn ará ìsàlẹ̀. Wọ́n rí i pé Gàníyù ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Baba Zakariyya bọ́ fìlà orí ara rẹ̀, ó fi dé Gàníyù lórí.

“Baba, ẹ dákun, fóònù ni mò ń wò.”

“Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Ta ló ń gba àmín padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

Qúdrát, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó máa ń kó o ní ìkó lórí nítorí mọ́ínmọ́ín nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Mógàjí, ẹ ó pẹ́ fún wa.” Ìgbà yẹn gan-an ló tó yé Gàníyù pé wọn ò ṣeré.

Ó gbìyànjú àtisá, ká má parọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì, ó yọ́ gba ọ̀nà Mápó. Kò tíì dé ìdí òkè tí wọ́n ti ń kí i lọ́tùn-ún lósì. Ó wọ takisí Mícírà kan. Awakọ̀ wẹ̀yìn, ó ní, “Mógàjí! Ibo là ń lọ?”

“Èkó ni mo fẹ́ wọkọ̀ lọ.”

“Èkó kẹ̀? Ìyá mi ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lórí ògiri tí aládùúgbò wa mọ dí ọ̀nà wa. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ o.” Ló bá yí mọ́tò padà, ó gbé e délé, kò sì gbowó.

Gàníyù parí ọ̀rọ̀ ògiri. Ó parí ìjà lórí ọ̀nà ọ̀gbàrá. Ó ní bóun bá parí èyí tó kù, òun á lọ. Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ó tún tọrọ òmíì. Ìjà ò tán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òkè ilé àti ti ìsàlẹ̀ ti tún ń jẹun nínú abọ́ kan, Gàníyù sì mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tóun bá kúrò, abọ́ náà á fọ́. Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Inú ń bí i sí wọn pé wọ́n fẹ́ràn òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún bó ṣe jókòó láàárín àwọn àgbà. Olúgbénga ni.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ ò lè máa dúró dè yín. Èmi ni wọ́n ní kó wá jókòó sórí ẹ̀rọ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n má gbà á, mi ò ní gbà á.”

Gàníyù gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó gbọ́ atẹ́gùn. Dúró dè mí, mò ń bọ̀: ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń jìjàdù ẹran nínú abọ́ kan ṣoṣo. Omi lé sí i lójú.

“Gbénga,” ó ní, “Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ lórí àga náà.”

“Àmín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣé gan-an!”

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò mọ àga tó ń wí. Wọ́n ṣáà gbọ́ àdúrà lẹ́nu Mógàjí wọn, gbogbo wọn sì bá a ṣe àmín, ti Baba Zakariyya ló ròkè jù.