Ẹyẹ Tí Mo Fi Ìkíni Lé Lọ Lókè Ìjàrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí pẹ́pẹ́yẹ igbó fojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, orúnkún ṣì ń dùn mí.

Tóyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ń kàwé nípa ẹyẹ ní Oǹdó. (Wọ́n ń kọ́ ìyẹn náà nílé ìwé? Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ò mọ̀ o!) Pẹ́pẹ́yẹ igbó kan tí ojú rẹ̀ funfun ló ń wá, ní dáàmù tó wà láàrin òkè lẹ́yìn Ìjàrè. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní òun ò ní gbà á àfi tí ẹlòmíràn bá rí i pẹ̀lú rẹ̀. Kò ní kámẹ́rà. Ló bá wá bá mi ní Àkúrẹ́: "Bọ̀dá, ojú yín ni mo fẹ́ yá."

Ojú lásán? Mo gbà.

Owó ọ̀kadà ti kọjá agbára wa láyé ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ la fi gun òkè náà láàárọ̀ kùtù. Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, ẹrẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ká sòótọ́, kì í ṣe òjò ló ń dà mí láàmú. Ajínigbé ni! Ewé kan bá mì, mo ti ń ro ẹni tí yóò bá mi tọrọ owó ìtúsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A dé etí omi, a lúgọ. Àwọn ẹyẹ náà wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú kùrukùru, wọ́n ń súfèé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Tóyìn ní wọ́n máa tó yíjú. Ó gbé awò gígùn tó ń fa ohun jíjìn mọ́ni fún mi, ó ní kí n má mí.

Mo gbé e sójú. Kí ni mo rí? Èèyàn! Ó ká gúlútú sábẹ́ ọ̀rá dúdú ní òdìkejì omi, ó ń wò wá!

Ẹ sọ fún mi, nílẹ̀ wa, ẹni tó bá bá èèyàn nínú oko tí kò kí i, kí là ń pè é? Olè! Mo bá di ojú, mo la ẹnu: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ Àkúrẹ́ ni wá o! A ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ o!"

Gbogbo ẹyẹ gbéra, fììì!

"Óò! Ẹ kú òjò o!" Ìyá arúgbó ni! Ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe pupuru ló wá rẹ sómi. Nígbà tí a yí lọ bá a, ó ní òun rí nǹkan dúdú gígùn tí a nà sí òun, òun rò pé ìbọn ni, òun ti ń gbàdúrà ìkẹyìn. Mo ní ẹyẹ la wá wò. Ó ní ṣé ká lè pa á jẹ ni? Rárá o, wíwò lásán.

"Nínú ebi yìí, ọkọ mi?"

Tóyìn di apá mi mú: "Bọ̀dá, wọ́n yíjú nígbà tí wọ́n ń fò! Ojú wọn funfun báláú! Ẹ rí i, àbí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ kékeré kan péré, ọmọ máa yege. Ó ń wo ẹnu mi. Òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Tóyìn, mo di ojú ni."

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí a dé Ìjàrè, ó ní Sátidé la tún ń padà lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kíkí èèyàn ò burú, kéèyàn ṣáà la ojú kó tó kí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀rù ti gbà mọ́ yín lọ́wọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni ojo!