Èèpo Ọ̀ganwó Ẹ̀yìn Ilé Wa

Àbúrò mi pa igi lónìí, ó sì rò pé àgbo lòun ń sè.

Mo yà sílé màmá wa ní Agbowó lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí ọ̀ganwó tí bàbá wa gbìn kí wọ́n tó kú. Wọ́n ti bó èèpo ìdí rẹ̀ yípo, ó funfun bí egungun.

Mo ní, "Wálé, ta ló bó igi yìí báyìí?"

"Èmi ni. Àwọn oníbàárà mi ń béèrè àgbo ibà. Wọ́n ní inú èèpo ni kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí jù."

"Ṣé o ò rántí bí bàbá ṣe ń gé e ni? Díẹ̀ níhà ìlà-oòrùn, díẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, kí igi lè rí ọ̀nà jẹun."

"Aǹtí mi, ẹ fara balẹ̀, á tún hù."

Igi tí wọ́n bó yípo, oúnjẹ kì í dé gbòǹgbò rẹ̀ mọ́.

Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n jókòó sídìí igi, wọ́n ń fi amọ̀ rẹ́ ojú ibi tó bó. Mo ní kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ní, "Ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún mi ò pọ̀."

Ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lókè, bí ẹni pé ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa igi, Màmá ní kí n bi yín bóyá amọ̀ yẹn máa ràn án lọ́wọ́. Èmi ni màá ka èsì yín sí wọn létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kọ ọ́.